Awawou Aránṣọ àti Òkè Karùn-ún

Ṣọ́ọ̀bù Awawou aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní Savè. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún ni. Ojú irin wà níwájú wa, àpáta ńlá wà lẹ́yìn wa. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti kọjá lórí irin náà kẹ́yìn. Ewúrẹ́ ló ń gba ibẹ̀ báyìí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Awawou. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Èkejì ló ń gbé fóònù lé. Ìdí ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ fún àwọn èrò ọkọ̀ nígbà náà. Ó ka ìwé fún ọdún márùn-ún, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ.

Ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé aṣọ kì í tètè jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ó bá dá ọjọ́ Jímọ̀ fún ọ, Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí o lọ. Mo ti wò ó dáadáa, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń gba aṣọ ju èyí tí ọwọ́ méjì lè rán lọ, nítorí kò mọ bí a ti ń sọ fún ènìyàn pé rárá. Síbẹ̀ n kò rí ẹni tó bá a jà. Ìtàn ló fi ń tù wọ́n nínú.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Zénabou tó ń ta kajú yíyan wọlé tibínú-tibínú.

Ó ní, "Awawou, aṣọ mi dà?"

"Ẹ jókòó ná, ẹ̀gbọ́n mi."

"N kò jókòó. Ọjọ́ tí mo jókòó kẹ́yìn, mo délé láìmú aṣọ dání, inú mi sì ń dùn. Ọkọ mi bi mí bóyá orí mi pé."

"Ó dáa, ẹ dúró. Ṣé ẹ ti gbọ́ ti igi kajú tó kọ̀ tí kò já èso rẹ̀ sílẹ̀?"

Zénabou wò ó. "Kajú níbo?"

"Ní Boni."

"Boni tí mo ti ń rajà? Ta ló ni ín?" Ó ti jókòó.

Ìtàn náà nìyí. Ọkùnrin kan bú igi kajú rẹ̀ lójú àwọn èèyàn pé igi òfo ni. Lọ́dún kejì, igi náà so dáadáa. Èso pọ́n, kò jábọ́. Ọkùnrin náà gun igi, èso kò já. Ó lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó bẹ igi. Igi kò dá a lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un pé, "Ṣé ìkọ̀kọ̀ lo ti bú u ni?" Ọkùnrin náà kó gbogbo àwọn tó gbọ́ èébú náà jọ sábẹ́ igi, ó dọ̀bálẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, gbogbo èso já lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Zénabou rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó kí mi, ó lọ. Ó ti dé ojú irin kí ó tó rántí aṣọ.

Kò sí ẹni tó sọ ìtàn wọ̀nyí fún Awawou. Òun fúnra rẹ̀ ló ń hun wọ́n. Mo bi í léèrè ibi tí ó ti ń rí wọn. Ó ní ẹsẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ, ọwọ́ ń darí aṣọ, ẹnu nìkan ni kò níṣẹ́.

Awawou ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Tàwàkálítù. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó kú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Hervé, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá ọmọ náà mú un lọ sí Kútọnu, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni báyìí. Gbogbo ìparí ọdún ló máa ń wá kí Awawou. Tàńtí ló ń pè é.

Iṣẹ́ tí Hervé ń ṣe ṣòro fún mi láti mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ń ṣe eré kan tí èèyàn ń fi ìka ṣe lórí fóònù. Ilẹ̀ kan wà nínú eré náà tí kò sí láyé. Òkè mẹ́fà ló wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó ń ṣe eré ni ìránṣẹ́. Ó ń mú ọ̀rọ̀ kan láti òkè kìn-ín-ní lọ sí òkè kẹfà. Ìlú wà lórí òkè kọ̀ọ̀kan. Tí ìránṣẹ́ bá kí àwọn ará ìlú, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Tí kò bá kí wọn, wọn kò ní yíjú sí i. Hervé ya àwọn òkè náà bí àpáta Savè. Nígbà tí ó fi hàn mí, mo mọ èyí tó wà lẹ́yìn ilé mi nínú wọn.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú náà kò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ. Hervé sọ fún Awawou pé, "Tàńtí, wọ́n lẹ́wà o, ṣùgbọ́n odi ni wọ́n. Ẹ bá mi fún wọn ní ohùn."

Awawou ní, "Èmi tí n kò lè kọ lẹ́tà?"

"Ẹ má kọ ọ́. Ẹ sọ ọ́."

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá ń ránṣọ, ó á tẹ fóònù, ó á sọ ìtàn sínú Wásáàpù, ó á fi ránṣẹ́ sí Kútọnu. Tí ẹ̀rọ bá ń pariwo jù, Hervé á ní kí ó tún un sọ. Ó ṣe é fún oṣù mẹ́rìnlá. Ìtàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló sọ. Hervé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Eré náà gba méjìdínlọ́gbọ̀n. Márùndínlógójì ṣẹ́kù.

Mo gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù. Ọ̀kan wà nípa ọkọ̀ ojú irin tó ń wá láràárọ̀ láìní èrò. Àwọn ará ìlú ń kó ìjà wọn sínú rẹ̀, ó ń gbé e lọ. Wọ́n wà ní àlàáfíà fún ọdún méje. Ní ọjọ́ kan ọkọ̀ náà padà dé, ó kún dẹ́nu, kò sì sí ẹni tó rántí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ojú irin lórí òkè kankan nínú eré náà. Òmíràn wà nípa ọkùnrin tó yá aládùúgbò rẹ̀ ní òjìji. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní Kútọnu. Kọ̀ǹpútà wọn kò lè ya òjìji kúrò lára ènìyàn.

Awawou kò bínú. Ó ní kò sí bí a ṣe máa gé aṣọ tí àjákù kò ní ṣẹ́kù.

Òkè karùn-ún ni ó kó sí lọ́kàn jù. Ìlú àgbẹ̀ ni. Ìtàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Obìnrin kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìlú náà, Ìyá Elérìn-ín ni wọ́n ń pè é. Tí ìránṣẹ́ bá kí i, ó á ní, "Jókòó kí o tó béèrè." Nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí fóònù, mo gbé ojú sókè. Bí Tàwàkálítù ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ni. Ohùn Awawou ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn àwọn méjèèjì jọra.

Mo ní, "Awawou, ta nìyí?"

Ó ní, "Ẹ ti mọ̀ ọ́n, Bàbá Samiratou."

"Ṣé Hervé mọ̀?"

"Ó mọ̀. A kò sọ ọ́ síta."

Ní ọjọ́ Ajé kan ní ìparí oṣù keje, fóònù dún lórí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo mú ṣòkòtò wá kí ó lẹ̀ ẹ́. Géraldine ló ń pè. Òun ni olórí àwọn mẹ́rin náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Kétu, nítorí náà ó gbọ́ èdè wa.

Ó ní, "Tàńtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí mi. A fẹ́ yọ òkè karùn-ún kúrò."

Awawou gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kí ló ṣe?"

"A fún ogójì ènìyàn ní eré náà kí wọ́n dán an wò. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kú sí òkè karùn-ún. Ebi ló pa wọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ títí òjò á fi rọ̀ kí odò tó kún tó láti gbé wọn kọjá, iṣu sì ń tán kí òjò tó dé."

"Ẹ fi iṣu kún un."

"A fi kún un. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìtàn yín dùn, Tàńtí, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò gbọ́ ìtàn. A máa mú ìránṣẹ́ láti òkè kẹrin lọ sí ẹ̀kẹfà tààrà. Ọjọ́ kẹsàn-án òní ni a máa parí rẹ̀."

"Hervé ńkọ́? Kí ni ó wí?"

Géraldine ní, "Ó dìde. Ó jáde síta."

Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, Awawou kò rán ṣòkòtò mi mọ́. Ó ní, "Bàbá, ìtàn mọ́kànlá, kì í ṣe ìyẹn ni mo ń rò. Mo lè sọ mọ́kànlá mìíràn kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò rántí ohùn ìyá rẹ̀. Kò sí fọ́tò tó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ nìkan ni mo fi ohùn náà sí fún un."

Mo ní, "Fún mi ní fóònù."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wo ebi tó ń pa wọ́n."

Ó fi bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ hàn mí. Ọwọ́ mi nípọn, ó tó ìgbà mẹ́fà kí ìránṣẹ́ tó gbọ́ tèmi. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Elérìn-ín kọjá, ó wọ oko. Ebè méjìlá ló wà níbẹ̀. Igi wà nínú ebè kọ̀ọ̀kan, ìtàkùn iṣu gùn ún, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n yà á dáadáa. Ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó di ìtàkùn mú, ó fà á. Iṣu, orí iṣu, ìtàkùn, gbogbo rẹ̀ jáde. Ó jẹ iṣu, ó ju ìtàkùn nù. Ebè di òfìfo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé ebè kejìlá. Òjò kò rọ̀. Ìránṣẹ́ jókòó, kò dìde mọ́. Mo tún un ṣe, ó kú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó kú.

Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹni yìí ní iṣẹ́ oko?"

"Ta ni?"

"Ìránṣẹ́ yìí. Ó ń pa iṣu."

"Ṣebí ó ń wa iṣu ni?"

"Ó ń pa á. Tí ìtàkùn bá ti gbẹ, o lè wú u tán. Eléyìí tutù. Iṣu àkọ́kọ́ ni, irú tí à ń pè ní laboko. A kì í fa laboko tu. Ara rẹ̀ nìkan là ń gé. À ń fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ebè pẹ̀lú ìtàkùn rẹ̀, à ń da erùpẹ̀ padà bò ó. Ó á tún ta. Kí ọyẹ́ tó mú, ó ti bí àwọn kéékèèké tí à ń jẹ, tí a sì ń gbìn. Ẹni tó bá fa àkọ́kọ́ tu kò ní rí jẹ, kò sì ní rí gbìn."

Awawou gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Òtítọ́ ni. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ tó sọ nípa òkè karùn-ún, obìnrin kan wọ oko, ó fa iṣu tu tìtàkùn-tìtàkùn. Hervé yà á bí ó ti gbọ́ ọ. Hervé kò mọ oko, ó fọkàn tán Tàńtí rẹ̀. Tàńtí rẹ̀ kò mọ oko, ìdí ojú irin ni ó dàgbà sí. Iṣu tó mọ̀ ni èyí tó wà lórí àtẹ lọ́jà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Zénabou ti gbọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ Savè tí kò mọ bí iṣu ṣe ń kúrò nínú ilẹ̀! Awawou, ṣé o rò pé ó ń já bọ́ láti orí igi bíi kajú mi ni?"

Awawou ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Aṣọ yín ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ó pe Kútọnu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó sọ àṣìṣe rẹ̀ fún wọn kedere, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní kí wọ́n wá wò ó kí wọ́n tó yọ òkè kúrò. Géraldine ní ọjọ́ ti lọ. Hervé gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Tàńtí, a ń bọ̀ ní Ọjọ́rú."

Wọ́n wá. Géraldine wọ bàtà funfun. Mo sọ fún un pé oko là ń lọ, ó ní bàtà mìíràn kò sí. A gun alùpùpù méjì lọ sí Ofè, oko mi wà níbẹ̀. Èmi gbé Awawou, Hervé gbé Géraldine. A dé ní agogo méje ààbọ̀. Ìrì ṣì wà lórí ewé.

Mo yan ebè kan. Hervé ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú ọkọ́ wá."

"Ọkọ́ kọ́. Ọwọ́ ni. Ọkọ́ kò lójú."

Mo fi ọwọ́ kó erùpẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ebè náà. Ẹ̀gbẹ́ kan péré, èkejì ni ìtàkùn fi ń dúró. Mo kó o títí mo fi kan iṣu, mo tọ̀ ọ́ lọ sókè títí mo fi rí orí rẹ̀ níbi tí ìtàkùn ti jáde. Mo fi ọ̀bẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀ orí. Mo fa iṣu jáde. Mo da erùpẹ̀ padà, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìtàkùn kò mì. Géraldine ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Tí ẹnìkan bá kọjá báyìí, kò ní mọ̀ pé ẹ ti mú nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí."

Mo fún Awawou ní ọ̀bẹ. Ó mọ gígé, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aṣọ wà lójú, iṣu wà nínú ilẹ̀. Ó gé e ní òkè orí. Ìtàkùn ṣubú lé e ní èjìká.

Mo ní, "O ti pa á."

Hervé ní, "Tàńtí, ẹ̀ẹ̀kejì nìyí."

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Ìwọ tó pa gbogbo ebè méjìlá lórí fóònù ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á."

Awawou bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ sí ebè kejì. Ó lo ìṣẹ́jú méjìlá níbi tí èmi ti ń lo mẹ́ta. Ó gé e dáadáa. Ó da erùpẹ̀ bò ó, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó dìde, ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

A sun iṣu náà lábẹ́ igi, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo àti iyọ̀. Bàtà Géraldine ti pupa. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́.

Ó ní, "Ẹni tó bá ń ṣe eré wa kò lè mọ èyí fúnra rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un."

Hervé ní, "Lórí òkè náà?"

"Ní ẹnu ọ̀nà ìlú. Kí ó tó wọ oko."

Kò sí ẹni tó dárúkọ ẹni tó jókòó níbẹ̀. Awawou ń bó iṣu. Hervé ń wo ilẹ̀. Géraldine wò wọ́n, kò mọ ìdí rẹ̀, ó ní, "Ìyá tó jókòó níbẹ̀ yẹn, tó máa ń ní kí èèyàn jókòó. Òun ni kó sọ ọ́. Tí ìránṣẹ́ bá jókòó tì í, ó á kọ́ bí a ti ń fi orí iṣu sílẹ̀. Tí kò bá kí i, ebi á pa á."

Awawou ní, "Ohun tó tọ́ náà nìyẹn. Ta ló ń wọ ìlú onílùú láìkí àgbà?"

Géraldine ní nǹkan kan ṣì kù. Tí oko bá máa gba àyè tó pọ̀ báyìí, ìtàn mọ́kànlá kò ní gbà lórí òkè náà mọ́. Méje ló lè gbà. Awawou ní kò sí wàhálà. Lábẹ́ igi náà ló ti yọ mẹ́rin kúrò. Mo ka ìṣẹ́jú rẹ̀, kò tó márùn-ún. Ó yọ ti àwọn ìbejì tó pín ọjọ́ kan sí méjì, tí ọ̀kan gba àárọ̀, tí èkejì gba ìrọ̀lẹ́, tí wọn kò sì rí ara wọn mọ́ àfi ní ọ̀sán gangan. Èmi fẹ́ràn ìyẹn jù. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, kò kú. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, màá sọ ọ́ fún yín."

Wọ́n padà sí Kútọnu lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹsàn-án kọjá, wọn kò yọ òkè náà kúrò. Wọ́n tún oko yà. Wọ́n pe ogójì ènìyàn mìíràn. Méjì péré ló kú lórí òkè karùn-ún, àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Elérìn-ín kọjá láìkí i. Géraldine fúnra rẹ̀ ló pè láti sọ ọ́. Ó bi mí pẹ̀lú bóyá ìtàkùn Awawou, èyí tó gé lórí, ti sọjí. Mo ní rárá.

Ní oṣù kẹsàn-án, Hervé padà wá sí Savè pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dára. Wọ́n nílò kí Awawou sọ ọ̀rọ̀ oko ní ohùn Ìyá Elérìn-ín. Wọ́n ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé. Hervé ní kí n jókòó, kí n gbọ́ bóyá ó ń sọ ọ̀rọ̀ oko bó ṣe yẹ.

Awawou sọ ọ́. "Jókòó kí o tó béèrè. Má fà á. Fi ọwọ́ kó erùpẹ̀. Fi orí sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kí ó lè rántí ọ." Mo ní ó tọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn, òun ló fi kún un, kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lóko, ṣùgbọ́n kò burú.

Hervé ní, "Ó ku ẹ̀rín. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ó ti ń rẹ́rìn-ín."

Awawou rẹ́rìn-ín. Mo mi orí. Ó tún un ṣe. Ó dà bí ẹni tó ń húkọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, "Èèyàn kì í rẹ́rìn-ín lófìfo. Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín?"

Hervé yíjú sí mi. Ní gbogbo ọdún tí ó ti ń wá sí Savè, kò bi mí nípa ìyá rẹ̀ rí. Ó ní, "Bàbá, báwo ló ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ronú kí n má baà ṣì í sọ. Mo ní, "Ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ là. Ohùn kò ní tíì jáde. Ó á fi ọwọ́ lu itan lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí o bá rò pé kò ní jáde mọ́, ó á tú jáde bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Ọkọ̀ ojú irin wọlé lọ́jọ́ kan, ó fọn fèrè, àwọn èrò kò gbọ́ fèrè. Tàwàkálítù ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Ọ̀gá ibùdókọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ lọ."

Hervé la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ó fi ọwọ́ lu itan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó tú jáde.

Awawou wò ó. Ó nawọ́ sí i. Ó fi ọwọ́ di tábìlì mú, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà gan-an ni. Mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó, mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu méjì.

Iná pupa tó wà lára ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ń tàn ní gbogbo ìgbà náà.

Tí o bá dé òkè karùn-ún báyìí tí o sì kí Ìyá Elérìn-ín, ó máa rẹ́rìn-ín. Tí o bá fetí sílẹ̀ dáadáa, o máa gbọ́ pé ẹni méjì ló ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan wà nítòsí, ọ̀kan jìnnà díẹ̀. Géraldine fẹ́ gé ìkejì kúrò, ó ní ti ọkùnrin ni. Hervé ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀.